Ẹ̀rọ Ayélujára àti Àmì Ohùn: Ta Ni Yóò Tẹ̀lé Ta?

Kò sí ẹni tí ó mọ Adó-Èkìtì tí kò mọ Fájuyì. Orúkọ Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì, ọmọ bíbí ìlú Adó, gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà tí àwọn ṣọ́jà pa ní oṣù Keje ọdún 1966, ni a fi ń pe ibẹ̀ kí ìran tí ń bọ̀ má baà gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá wo bí a ti ń kọ orúkọ yìí lórí fóònù àti lórí ẹ̀rọ ayélujára lónìí, yóò rí i pé lẹ́tà mẹ́fà lásán ni ó kù, láìsí àmì kankan lórí wọn. Ọmọ Adó kò ní ṣì í pè, nítorí pé etí rẹ̀ ti gbọ́ ọ kí ojú rẹ̀ tó rí i. Àlejò ńkọ́? Ọmọ Èkìtì tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí sí Houston ńkọ́? Ẹ̀rọ tí ó jẹ́ pé ohun tí a bá kọ sílẹ̀ nìkan ni ó mọ̀ ńkọ́? Kò sí ohun tí yóò sọ fún wọn pé Ifá ni ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà, pé kì í ṣe fífà ni a ń fa nǹkan.

Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ ni èyí. Àwọn olùkọ́ Yorùbá kan ti ń sọ ọ́ ní gbangba báyìí pé ayé ti yí padà, pé ayé kọ̀ǹpútà ni a wà, àti pé ẹrù ni àmì ohùn jẹ́, ẹrù tí ó yẹ kí èdè Yorùbá sọ̀ kalẹ̀ bí ó bá fẹ́ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ rìn. Wọn a máa sọ ọ́ bí ẹni pé ọgbọ́n ni. Kì í ṣe ọgbọ́n. Ìṣìnà ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò sì jẹ ìyà rẹ̀. Àwíjàre mẹ́ta ni wọ́n ń gbé kalẹ̀. Ó yẹ kí a yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwíjàre kìíní ni pé ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá yóò mọ ohun tí à ń sọ láti inú gbólóhùn, ìbáà jẹ́ pé a fi àmì sí i tàbí a kò fi sí i. Ẹ jẹ́ kí a gba àtẹ̀jíṣẹ́ kúkúrú kan, irú èyí tí ó ń kọjá lórí fóònù lójoojúmọ́: “Ade ti ra oko naa lowo egbon re.” Kí ni Adé rà? Ọkọ̀ ni, tàbí ọkọ́, tàbí oko? Ọwọ́ ta ni ó ti rà á? Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ, ìwọ tí a kọ ìwé náà sí, tàbí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyẹn ẹ̀gbọ́n Adé fúnra rẹ̀? Ìtumọ̀ mẹ́fà ni ó fara pamọ́ sínú gbólóhùn kan tí kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́jọ lọ. Bí irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá di ohun ẹ̀rí nínú ẹjọ́ ilẹ̀, èwo ni adájọ́ yóò kà nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà?

Òótọ́ ni pé ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n ti jọ ń bá ọ̀rọ̀ kan bọ̀ lè kọ̀wé sí ara wọn láìsí àmì, kí ọ̀rọ̀ sì yé wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àkọsílẹ̀ náà ni ó là wọ́n lóye. Ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Iṣẹ́ ìwé ni láti bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀: ọmọ tí a kò tíì bí, àlejò tí kò mọ ìdílé, olùyẹ̀wò ìdánwò tí ó jókòó sí ìlú mìíràn. Ìwé tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó ti mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìkan ni ó lè kà á kò tíì di ìwé.

Àwíjàre kejì ni pé ẹ̀rọ kò gbà á. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú èyí, ó sì yẹ kí a sọ òótọ́ náà bí ó ti rí. Láti ọdún 1991 ni ètò Unicode ti jáde, òun sì ni kọ̀ǹpútà àti fóònù káàkiri ayé ń lò láti fi nọ́ńbà dá lẹ́tà mọ̀. Ètò yìí fún ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Ó fún á àti à náà ní tiwọn. Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́, ẹ̀, ọ́ tàbí ọ̀. Nọ́ńbà méjì ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ tò pọ̀: ti lẹ́tà àti ti àmì orí rẹ̀. Ìdí nìyí tí àmì fi máa ń yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà nínú àwọn ìwé kan, tí àpótí òfìfo sì máa ń yọjú níbi tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ wo èdè Vietnam. Èdè olóhùn ni òun náà, lẹ́tà bí ti Òyìnbó ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́, pẹ̀lú àmì lókè àti nísàlẹ̀. Lẹ́tà wọn kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú gbogbo àmì tí ó rù, ni ó ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú ètò kan náà yìí. Kì í ṣe pé àmì tiwọn rọrùn ju ti Yorùbá lọ. Ó le jù ú, nítorí pé fáwẹ́lì wọn kan lè ru àmì méjì lórí, ohùn wọn sì tó mẹ́fà níbi tí ti Yorùbá jẹ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n àmì náà ni wọ́n fi ń kọ ìwé ìròyìn, ìwé òfin àti ìwé ilé-ẹ̀kọ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣe ẹ̀rọ fún wọn mọ̀ pé ẹ̀rọ tí kò bá lè kọ àmì náà kò lè tà lọ́jà wọn. Ẹni tí kò bá bìkítà nípa àmì èdè tirẹ̀, ta ni yóò bá a bìkítà?

Àwọn tí ó ṣíwájú nínú iṣẹ́ yìí kò gbà kí ẹ̀rọ paṣẹ fún wọn. Láti ìgbà àpérò lórí àkọtọ́ tí ó wáyé ní Èkó ní ọdún 1875, títí dé ìwé tí Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ lórí àkọtọ́ ní ọdún 1965, dé Ìgbìmọ̀ Àkọtọ́ Yorùbá ti ọdún 1966 àti àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974, bí a óò ti kọ Yorùbá kí ó lè ṣeé kà ni wọ́n ń rò. Wọn kò béèrè ohun tí ó wà lórí táíparítà. Táíparítà ayé ìgbà náà kò mọ ẹ, kò mọ ọ, kò mọ àmì ohùn. Olùkọ́ a tẹ iṣẹ́ rẹ̀ tán, a sì mú bírò, a fi ọwọ́ ara rẹ̀ sàmì sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan láti ojú-ìwé kìíní títí dé ìkẹyìn.

Ìyà bírò ti tán lónìí. Gboard, ohun èlò ìtẹ̀wé ti ilé-iṣẹ́ Google, ní ti Yorùbá. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní YorubaName ṣe ohun èlò ìtẹ̀wé tí ẹnikẹ́ni lè gbà sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. BBC Yorùbá, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018, ń fi àmì ohùn kọ ìròyìn lójoojúmọ́. Ọ̀dọ́ tí ó lè wá àwòrán ojú tí ń rẹ́rìn-ín, ojú tí ń sunkún àti ọwọ́ tí ń dúpẹ́ nínú fóònù rẹ̀, tí ó sì ń rí wọn kí a tó ṣẹ́jú, kò lè sọ pé òun kò rí àmì ohùn òkè. A kò kọ́ ọ láti wá a ni.

Àwíjàre kẹta ni ó tuntun jù, òun náà ni ó sì léwu jù. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí ń ronú bí ènìyàn ti dé, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa fi àmì sí ohun tí a bá kọ. Lóòótọ́, láti oṣù Kejìlá ọdún 2013 ni Google ti ń túmọ̀ Yorùbá, àti ní ọdún 2018 Iroro Orife tẹ iṣẹ́ jáde lórí bí a ṣe lè kọ́ ẹ̀rọ láti dá àmì padà sórí ọ̀rọ̀ tí kò ní in. Ṣùgbọ́n níbo ni ẹ̀rọ ti kọ́ ọ? Kò ní ìyá tí yóò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Inú àkọsílẹ̀ tí àwọn ènìyàn ti fi sùúrù sàmì sí ni ó ti kọ́ ọ. Ní ọdún 2020, Jesujoba Alabi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ tí a kó jọ láìṣà wé ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí a fara balẹ̀ ṣà, ní èdè Yorùbá àti ní èdè Twi. Díẹ̀ tí ó mọ́ ni ó kọ́ ẹ̀rọ dáadáa ju ọ̀pọ̀ tí ó rí rúdurùdu lọ.

Ohun tí a bá gbìn ni a óò ká. Bí ọ̀rọ̀ aláìlámì bá gba gbogbo ayélujára, ẹ̀rọ yóò máa méfò, èyí tí ó bá sì wọ́pọ̀ jù ni yóò máa yàn. Níbi tí ó bá ti ṣì í, ta ni yóò mọ̀? Ọmọ tí a kò kọ́ ní àmì ohùn nítorí pé ẹ̀rọ yóò ṣe é, òun kan náà ni a óò pè kí ó wá tún àṣìṣe ẹ̀rọ ṣe. Èyí tilẹ̀ kan ẹ̀ka-èdè Èkìtì ju Yorùbá àjùmọ̀lò lọ. Èkìtì tí ń sọ uyì níbi tí àjùmọ̀lò ti ń sọ iyì kò ní àkọsílẹ̀ púpọ̀ tí ẹ̀rọ lè kà. Bí ìwọ̀nba tí a kọ kò bá sì ní àmì, kí ni yóò kù tí a óò fi dá a mọ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí wá kan olùdánwò ju ẹnikẹ́ni lọ. Láti ọdún 2015 ni ìdánwò JAMB ti di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá, ṣùgbọ́n yíyàn ni ọmọ ń yan ìdáhùn níbẹ̀, kì í kọ ọ́. Nígbà tí WAEC bẹ̀rẹ̀ ti orí kọ̀ǹpútà fún àwọn aládàáni ní ọdún 2024, orí ìwé ni wọ́n ṣì ń kọ aròkọ sí. Ní ọdún 2025, Ìjọba Àpapọ̀ kéde pé ìdánwò WAEC àti ti NECO yóò bọ́ sórí kọ̀ǹpútà, àti aròkọ pẹ̀lú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọjọ́ tí a ní kí ọmọ tẹ aròkọ Yorùbá, ọ̀kan nínú ohun méjì ni yóò ṣẹlẹ̀ bí a kò bá tètè múra. Bí kọ̀ǹpútà kò bá ní àmì, ọmọ yóò pàdánù máàkì lórí ohun tí ó mọ̀. Bí wọ́n bá sì ní kí a gbójú fo àmì, láti ọjọ́ náà ni ilé-ẹ̀kọ́ yóò ti dẹ́kun kíkọ́ ọ, nítorí pé ohun tí ìdánwò kò bá béèrè, kíláàsì kì í pẹ́ gbàgbé rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìjọba yóò gba èdè yìí sílẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025 ni Ìjọba Àpapọ̀ fagi lé ìlànà ọdún 2022 tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀nba àyè tí ó kù fún Yorùbá ni iṣẹ́ tí olùkọ́ Yorùbá ń ṣe nínú kíláàsì rẹ̀. Bí òun pẹ̀lú bá jọ̀wọ́ àkọtọ́, kí ni ó kù tí ó ń dáàbò bò?

Èkìtì kò lè sọ pé òun kò rí ẹ̀rọ. Ní ọdún 2012 ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà pín kọ̀ǹpútà alágbèéká fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama. Báǹkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà ti fọwọ́ sí ẹ̀yáwó mílíọ̀nù 80 dọ́là fún ibùdó ìmọ̀ ẹ̀rọ tí a fẹ́ dá sílẹ̀ ní Adó. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ Yorùbá wà lára àwọn tí yóò béèrè irú èdè tí ẹ̀rọ ibẹ̀ yóò gbọ́. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ohun tí a ní láti ṣe kò le. Kí títẹ àmì ohùn lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà di apá kan ẹ̀kọ́ àkọtọ́ láti kíláàsì kìíní girama. Kí olùkọ́ má ṣe fi àtẹ̀jíṣẹ́ aláìlámì ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mọ́, nítorí ọmọ a máa kọ́ ohun tí ó rí ju ohun tí a sọ fún un lọ. Kí iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí oríkì, orúkọ àti ìtàn ìlú wọn, bí a bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tán, wọ Wikipedia Yorùbá pẹ̀lú àmì lórí rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ olùkọ́ Yorùbá sì kọ̀wé sí WAEC àti NECO nísinsìnyí, kí wọ́n béèrè pé kí kọ̀ǹpútà ìdánwò ní àmì ohùn, kí a sì fún ọmọ láyè láti fi dánra wò kí ọjọ́ ìdánwò tó pé.

Táíparítà dé, ó sì lọ. Àmì ohùn ṣì wà. Kọ̀ǹpútà tòní náà yóò lọ bí ọjọ́ rẹ̀ bá pé. Kí olùkọ́ Yorùbá má ṣe fi ohun tí yóò kù tọrẹ nítorí ohun tí yóò lọ.