Ẹ Bi Ọmọ Léèrè Ohun Tó Rò Nípa Ìwé Amùjẹ̀

Ọmọbìnrin ọlọ́dún 17 kan kó lọ bá bàbá rẹ̀ gbé ní ìlú kékeré kan tí òjò kì í dá. Ọmọkùnrin tí wọ́n jọ jókòó ní kíláàsì rẹwà, ara rẹ̀ tutù nini, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni jẹun. Òkú amùjẹ̀ ni. Ọdún 1901 ni wọ́n bí i. Àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918, èyí tó bá ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó lọ́dún yẹn kan náà, ì bá ti pa á, bí kì í bá ṣe dókítà kan, tí òun náà jẹ́ amùjẹ̀, tó bù ú jẹ kó má bàa kú. Ìtàn Twilight nìyẹn, ìwé tí Stephenie Meyer, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2005. Nígbà tó fi máa di 2008, ìtàn náà ti di ìwé mẹ́rin. Fíìmù márùn-ún ni wọ́n yọ nínú rẹ̀, iye ẹ̀dà tí wọ́n sì tà káàkiri ayé lé ní mílíọ̀nù 100.

Fascination ni wọ́n pe ìwé àkọ́kọ́ ní èdè Faransé. Orúkọ yẹn ni ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Kpankou, ní agbègbè Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, á fi mọ̀ ọ́n, nítorí Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ọ níwèé láti kékeré. Yorùbá ló ń sọ nílé, òun náà ló fi ń nájà, òun ló fi ń bá ọ̀rẹ́ ṣeré. Àmọ́ bó bá fẹ́ ìwé tó máa kà fún ìgbádùn ara rẹ̀, Faransé ló máa bá pàdé.

Àwọn òbí àti olùkọ́ kan kì í fẹ́ rí irú ìwé yìí lọ́wọ́ ọmọ. Wọ́n á ní ìranù ni, wọ́n á ní ó ń kọ́ ọmọ ní ìṣekúṣe, wọ́n á ní ẹ̀mí òkùnkùn wà nínú ẹ̀. Ìfẹ́ ọmọ ló ń mú wọn sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fo ohun kan dá: kò sẹ́ni tó bi ọmọ náà ohun tó rò nípa ohun tó kà.

Bí wọ́n bá bi í, ọ̀rọ̀ pọ̀ níkùn rẹ̀. Nínú Twilight, Edward, ọmọkùnrin amùjẹ̀ náà, máa ń yọ́ wọ yàrá Bella, ọmọbìnrin ọlọ́dún 17 náà, lóru láti máa wò ó bó ṣe ń sùn. Bella kò mọ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tó ti ń ṣe é ni ọmọbìnrin náà tó gbọ́. Láti ìgbà tí ìwé náà ti jáde ni àwọn tó ń kà á ti pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ní ìfẹ́ tòótọ́ ni, pé ó ń ṣọ́ ọ kí ibi kankan má bàa ṣe é. Àwọn yòókù ní ẹni tó ń wọlé ọmọ ọlọ́mọ láìgbàyè kò ṣeé fọkàn tán, ì báà rẹwà bí òṣùmàrè. Wọ́n tún jiyàn lórí Bella fúnra rẹ̀: bí ó ṣe fẹ́ fi ẹ̀mí rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ọkùnrin, bí ó ṣe jáde ilé ìwé tó sì ṣègbéyàwó lójú ẹsẹ̀, bí oyún ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkè òkun ní agbègbè tí oyún àìròtẹ́lẹ̀ ti ń yọ ọmọbìnrin kúrò nílé ìwé. Ọmọ tó bá ti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jiyàn lórí Edward ti fi ọ̀rọ̀ náà rora wò kí ọkùnrin gidi tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Kétu gan-an kò yẹ kó máa bẹ̀rù ìtàn amùjẹ̀. Ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni, èyí tí UNESCO fi sára àwọn iṣẹ́ ọnà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò ní 2001. Nítorí àwọn ìyá tó ni òru ni wọ́n ṣe ń jó o. Ní alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, olórin kan tó bo ojú á jáde sí gbangba ọjà, á júbà àwọn ìyá, lẹ́yìn náà á wá kọrin fi ẹni tó ṣìwà hù ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọdé àti àgbà á gbọ́ ọ, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì máa tú u palẹ̀ láàárín ara wọn. Àwọn baba wa kò kó ohun tó ń dẹ́rù bani pamọ́ fún ọmọ. Wọ́n gbé e síta, wọ́n sì jẹ́ kí gbogbo ìlú sọ tẹnu wọn.

Ìwé ìròyìn Yorùbá náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Láti oṣù keje 1929 títí di oṣù kẹta 1930, Akéde Èkó, ìwé ìròyìn tí Isaac Babalọlá Thomas dá sílẹ̀ ní 1928, ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Arúgbó aláìsàn ni, ó sì ń ròyìn gbogbo ọkùnrin tó ti bá lò nígbà èwe rẹ̀. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn òǹkàwé fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn náà: àwọn kan gbà pé ẹni gidi ni, àánú rẹ̀ sì ṣe wọ́n. Wọ́n tẹ ìtàn náà ní ìwé ní 1930, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì kà á sí ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ìṣekúṣe, èyí tí àwọn kan ń pè ní ìranù lónìí, ni ìwé àròsọ wa fi bẹ̀rẹ̀.

Fágúnwà, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ Yorùbá, náà kò ya ẹ̀rù kúrò lára ìfẹ́. Nínú Àdììtú Olódùmarè, tó jáde ní 1961, igbó àti ẹ̀dá abàmì wà níbẹ̀, lẹ́tà ìfẹ́ Àdììtú àti Ìyùnadé náà sì wà níbẹ̀.

Àwọn ẹlòmíràn kò jáwọ́ nínú kíkọ ìtàn ìfẹ́ ní èdè tí ọmọ wọn ń kà. Ní Kano, àwọn obìnrin bíi Balaraba Ramat Yakubu ti ń fi èdè Haúsá kọ ìwé ìfẹ́ láti ìgbà pípẹ́; ìjọba ìpínlẹ̀ náà dáná sun irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní gbangba ní 2007, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń kọ ọ́. Ní Abidjan, Nouvelles Éditions Ivoiriennes bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ ìwé ìfẹ́ Adoras ní 1998, pẹ̀lú ọmọ Áfíríkà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dá ìtàn. Tiwa ńkọ́? Nígbà tí Tomi Adeyemi kọ ìwé tó kún fún òrìṣà Yorùbá fún àwọn ọ̀dọ́ ní 2018, Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́. Bí ọmọ Kpankou bá fẹ́ kà nípa òrìṣà ilé bàbá rẹ̀ nínú ìwé yẹn, Faransé ni yóò tún fi kà á.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò ju agbára ìwé ìròyìn kan lọ. Kí ó yọ ojú ewé kan sílẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ìtàn ìfẹ́ tó ní ẹ̀rù nínú, tí a kọ ní Yorùbá tó dá gaara, pẹ̀lú àmì ohùn tó pé, nítorí ọmọ tó jẹ́ Faransé ló kọ́ láti kà nílò àmì yẹn ju ọmọ Ìbàdàn lọ. Kí ìdajì ojú ewé náà jẹ́ ti èsì. Ọmọ Kpankou tí kò lè kọ Yorùbá lè fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Kétu, kí olóòtú sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìtún un ṣe. Ọmọ Mẹ̀kọ tó wà lódìkejì ààlà, ní Nàìjíríà, lè dá a lóhùn lọ́sẹ̀ kejì. Òbí tó bá rò pé ìtàn ọ̀sẹ̀ náà kò dára fún ọmọ òun, kí òun náà kà á, kó kọ̀wé, kó tọ́ka sí ibi tí kò dára, kí wọ́n sì tẹ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọmọ rẹ̀.