Òjé Ògijo: Eruku tó wọ ara ọmọdé lónìí lè dúró de ọjọ́ ogbó rẹ̀

Bí ẹ bá dúró ní Gáréèjì Ìkòròdú láàárọ̀, ẹ máa gbọ́ bí àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ ṣe ń pe èrò: "Ògijo! Ṣàgámù! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Ògijo ò jìnnà sí wa rárá. Ìjọba ìbílẹ̀ Ṣàgámù ní ìpínlẹ̀ Ògùn ló wà, ṣùgbọ́n èéfín ò mọ ibi tí Èkó parí sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ́ bátìrì tó ti kú, ti mọ́tò, ti ìnífátà, ti sólà, tí wọ́n sì ń yọ́ òjé inú rẹ̀ láti tà á sókè òkun.

Lóṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìwé ìròyìn New York Times àti The Examination gbé ìwádìí jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èèyàn 70 tó ń gbé tàbí tó ń ṣiṣẹ́ ní agbègbè náà ló yọ̀ǹda kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn wò. Nínú èèyàn 10, 7 ló ní òjé lára dé ìwọ̀n tó léwu, kò sì sí òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan nínú wọn tó mórí bọ́. Nínú àwọn ọmọdé, ó ju ìdajì lọ tí tiwọn ti tó èyí tó lè ba ọpọlọ jẹ́ títí ayé. Ìjọba ti kọ́kọ́ ti àwọn iléeṣẹ́ kan pa ṣáájú ìgbà yẹn, kò pẹ́ tí wọ́n tún ṣí.

Láti ìgbà náà, ariwo ta ló jẹ̀bi la ń gbọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí a kì í sábà fẹnu bà: kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ wọ̀nyí tí wọ́n bá di àgbà?

Òjé kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn apẹja wa létí ọ̀sà ń so ó mọ́ ìdí àwọ̀n, àwọn olórìṣà Ọbàtálá ń fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni eruku àti èéfín rẹ̀. Ọmọ tó ń rákò, tó ń fọwọ́ sẹ́nu, á gbé e mì. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ara ọmọdé lè gba òjé ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti àgbàlagbà. Ara ò dá a mọ̀. Ó ń rò pé káṣíọ́mù tó ń mú egungun le ni, á wá kó o pamọ́ sínú egungun. Bí ọmọ náà bá kúrò níbi tí òjé wà, bí oṣù kan ni èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ fi máa ń dín sí ìdajì. Èyí tó wà nínú egungun lè lo ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún. Tí obìnrin bá lóyún, tàbí tí ọjọ́ ogbó bá dé tí egungun bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, á tún yọ́ jáde padà sínú ẹ̀jẹ̀.

Àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà ṣe ohun kan tí mi ò lè gbàgbé. Wọ́n fún àwọn ọmọ ọ̀bọ ní òjé láti ìgbà tí wọ́n bí wọn títí di ọjọ́ 400, wọ́n sì dáwọ́ dúró. Nígbà tí àwọn ọ̀bọ náà pé ọmọ ọdún 23, wọ́n yẹ ọpọlọ wọn wò, wọ́n sì bá àmì àrùn Alzheimer níbẹ̀, ìyẹn àrùn tó ń ra iyè arúgbó. Ọdún 2008 ni èsì yẹn jáde. Bẹ́ẹ̀, òjé ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọn tipẹ́tipẹ́.

Ti èèyàn náà wà. Ní Dunedin, ní New Zealand, wọ́n ti ń tọpa àwọn tó lé ní 1,000 tí wọ́n bí lọ́dún 1972 àti 1973. Nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún 45, àwọn tí òjé ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn lọ́mọ ọdún 11, láyé ìgbà tí òjé wà nínú bẹntiróòlù, ọpọlọ wọn ti kéré sí ti ẹgbẹ́ wọn láwọn ibì kan, títí kan ibi tó ń tọ́jú ìrántí. Wọn ò tíì darúgbó, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè sọ pé dandan ni kí wọ́n ṣarán. (Àwa tí a sáré tẹ̀lé mólúè ní gáréèjì wa kí wọ́n tó yọ òjé kúrò nínú bẹntiróòlù, irú èéfín kan náà la fà símú o.)

Ohun tó ká mi lára jù ni pé Yorùbá ní ohun tí wọ́n lè pàdánù. Lọ́dún 1992 ni àwọn dókítà Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnníyì lára wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé ní Ìdíkàn, tí wọ́n ń fi àwọn arúgbó wa wé àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Èsì 2001 fi hàn pé Alzheimer ń mú 1.15 nínú 100 lọ́dún kan ní Ìbàdàn, ó sì ń mú 2.52 lọ́hùn-ún. Òjé kọ́ ni wọ́n ń wádìí, mi ò sì ní sọ pé òun ló fa ìyàtọ̀ náà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bí àwọn àgbà wọ̀nyẹn kí 1930 tó dé. Kò sẹ́ni tó ń yọ́ bátìrì lẹ́yìnkùlé wọn nígbà èwe. Bóyá ìran tó ń dàgbà ní Ògijo máa ní irú iyè bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ alẹ́, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà.

Ẹ má sì rò pé iléeṣẹ́ nìkan ni. Lọ́dún 2011, ní Boston, wọ́n bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà. Tìróò tí wọ́n ń lé sójú rẹ̀ ni. Nínú 100 ìwọ̀n tìróò náà, ó lé ní 82 tó jẹ́ òjé. Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹ dákun, ẹ fi ojú ọmọ sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a. Ẹ̀yin bàbá tó ń ṣiṣẹ́ bátìrì, ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́, kí ẹ sì wẹ̀, kí ẹ tó gbé ọmọ.

Ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà pa àwọn ọmọ tó ju 400 lọ, gbogbo ayé sì gbọ́. Ti Ògijo ò pariwo bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣe tiẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé yàtọ̀ sí títi iléeṣẹ́ pa àti kíkó ilẹ̀ tó ti bàjẹ́ kúrò, ó yẹ kí ìpínlẹ̀ Ògùn àti Èkó yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo ọmọ agbègbè yẹn wò, kí wọ́n kọ iye òjé tí wọ́n bá síbẹ̀ sínú káàdì àjẹsára ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Tí wọn ò bá kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, ẹ̀jẹ̀ ò ní lè sọ ọ́ mọ́ lọ́jọ́ iwájú. Ọmọ tí wọ́n bí ní Ògijo lọ́dún 2019 máa pé ọmọ ọdún 65 lọ́dún 2084. Iléeṣẹ́ yẹn lè ti kó lọ nígbà náà. Dókítà tó bá ń bi í pé kí ló ṣe é tó fi ń gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀, káàdì yẹn nìkan ló máa rí kà.