Bí Àgbà Bá Gba Lẹ́tà Ìdádúró

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, GSK, iléeṣẹ́ apoògùn tí àwọn ará Nàìjíríà mọ̀ mọ́ Augmentin àti Ampiclox, kéde pé òun ń palẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ohun tó lé ní 50 ọdún. Kí ọdún náà tó parí, Procter & Gamble, àwọn tó ni Ariel àti Pampers, ní àwọn kò ní ṣe ọjà ní Nàìjíríà mọ́, pé láti òkè òkun ni yóò ti máa wọlé. Ọ̀wọ́n dọ́là wà lára ohun tó fà á. Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun: Michelin ti ilé iṣẹ́ táyà rẹ̀ pa ní Port Harcourt lọ́dún 2007, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ sì yọ àwọn ọ̀gá báńkì kan nípò lọ́dún 2009, àìmọye òṣìṣẹ́ kékeré ló gba lẹ́tà lẹ́yìn wọn.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ló ń pa òwe yìí bí ẹni tó ń ní kí ẹni tó ṣubú jókòó máa ro àròkàn. Rárá o. Ọmọdé ń wo iwájú bóyá ìyá rẹ̀ á sáré wá gbé e. Àgbà mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀, ìyẹn ló ṣe yíjú padà: ó ń wá ohun tó gbé e ṣubú, ó sì ń ṣa ohun tó jábọ́ lápò rẹ̀.

Nǹkan sì máa ń jábọ́. Àwọn agbanisíṣẹ́ kan kì í fẹ́ kó hàn pé àwọn lé èèyàn. Wọn á pe òṣìṣẹ́ sínú yàrá, wọn á gbé bébà síwájú rẹ̀, wọn á ní kó kọ ọ́ pé òun ló fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí ìtìjú bá mú á kọ ọ́ kíá, kò ní mọ̀ pé ẹ̀tọ́ ẹni tí wọ́n dá dúró ni òun fọwọ́ ara òun yọ dànù. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ní kí agbanisíṣẹ́ tó fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù sọ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kó ṣàlàyé ìdí rẹ̀, kó sì sapá láti bá wọn dúnàádúrà lórí owó ìdádúró. Òfin kan náà fún ẹni tó ti lo ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìkìlọ̀ oṣù kan. Àwọn tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ni òfin yìí wà fún. Ọ̀gá tó wà lókè ní láti lọ tú ìwé àdéhùn tó buwọ́ lù lọ́jọ́ tó wọṣẹ́ jáde. Ibo ló tilẹ̀ kó o sí? Ìbéèrè yẹn ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn làágùn.

Owó ìfẹ̀yìntì ló kàn. Òfin ọdún 2014 ní kí wọ́n yọ ìpín 8 nínú 100 owó oṣù òṣìṣẹ́, kí agbanisíṣẹ́ fi ìpín 10 kún un, kó sì fi ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 lẹ́yìn tó bá san owó oṣù. Àwọn kan ń yọ ọ́, wọn kì í fi ránṣẹ́. Ọjọ́ tí lẹ́tà bá dé ló yẹ kéèyàn béèrè àkọsílẹ̀ owó rẹ̀, nígbà tí àwọn tó wà nídìí ìṣirò owó ṣì ń gbé ìpè rẹ̀. Bí kò bá tíì pé ẹni 50 ọdún, tí oṣù 4 sì kọjá tí kò ríṣẹ́ mìíràn, òfin gbà á láyè kó gba ohun tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lọ: ẹni tó ní mílíọ̀nù 4 náírà níbẹ̀ á lè rí mílíọ̀nù 1 gbà. Kó má gbàgbé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́. Owó tó fi pamọ́ síbẹ̀ ń bẹ, gbèsè tó jẹ níbẹ̀ náà ń bẹ.

Oṣù 4 yẹn ló le jù. Bí ilé kan bá ń ná ẹgbẹ̀rún 300 náírà lóṣù, mílíọ̀nù 1.2 tí wọ́n fi dá bàbá ilé dúró kì í ṣe owó òwò; oúnjẹ oṣù 4 ni, tán. Síbẹ̀, àwọn ọkùnrin kan ṣì ń wọ tai jáde láàárọ̀ kùtùkùtù kí ìyàwó má baà mọ̀. Owó oúnjẹ ni wọ́n ń fi ra epo ọkọ̀ tó ń gbé ìtìjú kiri ìgboro. Onílé àti ọ̀gá iléèwé tó gbọ́ kí gbèsè tó pé lè gbà kí wọ́n máa san án díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ń sá fún wọn ni wọ́n máa ń gbéná wò lójú.

Ẹni tó bá sì ń wo iwájú nìkan lásìkò yìí ni àwọn gbájúẹ̀ ń retí. MMM ṣèlérí èrè ìpín 30 nínú 100 lóṣù, ó sì há owó àwọn èèyàn mọ́lẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2016. CBEX ní owó á di ìlọ́po méjì láàárín 30 ọjọ́. Nígbà tó dojú dé ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, àwọn tó fowó sí i ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ kan n'Ìbàdàn, wọ́n kó ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ lọ. Àwọn ayánilówó orí fóònù náà wà níbẹ̀: bí ọjọ́ bá pé tí owó kò jáde, àwọn kan nínú wọn á máa pe gbogbo orúkọ tó wà nínú fóònù ẹni náà, títí kan ẹni tó ń retí pé yóò bá òun wáṣẹ́.

Àmọ́ wíwo ẹ̀yìn náà níwọ̀n, torí owó tí wọ́n jẹ èèyàn lè pẹ́ kó tó dé. Nigeria Airways, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ìjọba, kógbá sílé lọ́dún 2003. Ọdún 2018 ni ìjọba tó fọwọ́ sí ohun tó lé ní bílíọ̀nù 22 náírà, bí ìdajì gbèsè tó jẹ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Àwọn kan ti kú kó tó dé.

Ohun tó yẹ kí àgbà wá rí lẹ́yìn ni ọ̀nà tí iṣẹ́ náà gbà lọ. GSK kò ní káwọn èèyàn má lo oògùn òun mọ́. Ó ní àwọn alágbàtà ni yóò máa pín in. Ọjà tí P&G ní yóò máa wọlé, ẹnì kan ni yóò gbà á ní èbúté, ẹnì kan ni yóò tọ́jú rẹ̀, ẹnì kan ni yóò gbé e dé Òṣogbo. Ẹni tó ti fi ọdún 10 gbé oògùn kiri mọ ilé oògùn tó ń sanwó lásìkò àti èyí tó máa ń ní kéèyàn padà wá lọ́la. Kó kọ iye tó tà lọ́dọọdún sínú ìwé tó fi ń wáṣẹ́, nítorí ohun tí alágbàtà fẹ́ kà nìyẹn. Bí ọ̀gá àtijọ́ tí wọ́n jọ gba lẹ́tà bá sì ti bọ́ sọ́dọ̀ irú alágbàtà bẹ́ẹ̀, òun ni kó kọ́kọ́ pè, kó tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó ń ta fọ́ọ̀mù iṣẹ́.