Iná Màlámù ní Màlété

Bí wọ́n bá ti kírun Mọ̀gàríbà tán ní Màlété, òórùn ẹran sísun ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún èèyàn pé ilẹ̀ ti ṣú. Màlámù tó ń sun súyà á ti kó èédú jọ, á ti fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ títí á fi pọ́n, á sì ti to ẹran tó fi igi gún sẹ́bàá iná. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara á máa jáde wá láti inú yàrá tí wọ́n gbà káàkiri ìlú. Ọlọ́kadà á dúró, kò ní pa ẹ̀rọ. Àgbẹ̀ tó ti oko dé, tí àdá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan náà á na ọwọ́, Màlámù á sì gé ẹran síbi tí owó ọ̀hún mọ. N kò mọ ilé oúnjẹ mìíràn ní ìlú náà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún tálákà.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí mo lọ wo ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kàwé níbẹ̀. Ẹran wa kò tíì jinná tí ọkùnrin kan tó dúró lẹ́yìn wa fi sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé àsìkò ti tó kí ìlú lé gbogbo àwọn Gàm̀bàrí wọ̀nyí lọ, nítorí kò sẹ́ni tó mọ èyí tó ń ṣe amí fún ajínigbé nínú wọn. Yorùbá ló fi sọ ọ́, ó rò pé Màlámù kò gbọ́. Mo wo ojú Màlámù. Ó gbọ́. Ó ń gé àlùbọ́sà lọ, kò gbójú sókè. Ọkùnrin yẹn gba ẹran tirẹ̀, ó sanwó, ó sì ń jẹ ẹ́ lọ lọ́nà.

N kò lè pe ẹ̀rù ọkùnrin náà ní ẹ̀rù asán. Ìpínlẹ̀ Kwara tí a fi ń yangàn pé ìlú àlàáfíà ni kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, àwọn agbébọn wọ ilé ìjọsìn kan ní Eruku nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́, wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọ́sìn wọ igbó lọ. Àgbẹ̀ ń pa oko tì. Ẹni tó bá ń rìnrìn àjò láàárín ìpínlẹ̀ yìí ti mọ ohun tí àdúrà ojú ọ̀nà ń jẹ́. Mo ní ẹbí lójú ọ̀nà wọ̀nyẹn, èmi náà kì í sùn bí wọn kò bá tíì pè mí pé àwọn ti dé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ronú lórí ẹni tó ń sun súyà. Alẹ́ ni ọjà tirẹ̀. Bí ẹ̀rù bá ba ìlú, tí ọmọ ilé ìwé tilẹ̀kùn ní agogo méje, ta ni yóò ra ẹran tó ti gún sígi? Òkè Ọya ni ọ̀pọ̀ màlúù ti ń bọ̀, nínú ọkọ̀ akẹ́rù, lórí ọ̀nà kan náà tí ajínigbé ń dènà sí. Bí ọ̀nà bá dí, owó màlúù á gbé sókè, ẹran tó wà lórí igi á sì fẹ́lẹ́ sí i. Ó ti ń fẹ́lẹ́ tẹ́lẹ̀ láti ọdún 2023, tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún, tí náírà sì wó lulẹ̀ ní oṣù Kẹfà. Àwọn Fúlàní tó ní màlúù náà ń san owó ìtúsílẹ̀ fún ọmọ wọn bí àwa náà ti ń san án. Nínú gbogbo àwọn tó ń gbé Màlété, bóyá ni ẹnì kan wà tí ajínigbé ń pa lára tó Màlámù.

Ẹ tún wo iṣẹ́ ọ̀hún fúnra rẹ̀. Àwọn Haúsá kì í fi bẹ́ẹ̀ pe èyí tí a ń jẹ yìí ní súyà láàárín ara wọn, tsire ni wọ́n ń pè é. “Suya” lédè wọn, nǹkan díndín ni. Ọ̀bẹ tó mú bí abẹ ìfárí ni wọ́n fi ń ṣí ẹran itan sí pẹlẹbẹ, títí á fi fẹ́lẹ́ bí ewé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi yájì pa á lára, ìyẹn kúlíkúlí tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ kúrò, tí wọ́n wá gún mọ́ ata, atalẹ̀ àti iyọ̀. Bí òróró bá pọ̀ jù lára kúlíkúlí yẹn, yájì á dì, kò ní mọ́ ẹran lára. Wọ́n á wọ́n òróró sí i lórí iná, díẹ̀díẹ̀, kí ẹran má baà gbẹ, kí ẹ̀pà má sì jó. Iṣẹ́ tí bàbá fi ń kọ́ ọmọ ni. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ nílé. Ẹran mi le bí awọ bàtà.

Kí ló wá jẹ́ tuntun nínú pé Gàm̀bàrí ń gbé àárín wa? Àdúgbò Gàm̀bàrí wà ní Ìlọrin, Balógun Gàm̀bàrí sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Balógun mẹ́rin ìlú, pẹ̀lú ti Fúlàní, Àjíkòbì àti Àlánámú. Màlété fúnra rẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Moro, gáà Fúlàní yí i ká. Kí yunifásítì tó dé lọ́dún 2009 ni àwọn obìnrin gáà ti ń ru wàrà wá sọ́jà, wàrà tí wọ́n fi ewé bọ́ḿbọ́mú mú dì. Ọmọ Ìlọrin tí kò jẹ wàrà rí, ẹ fi hàn mí.

Irú ìfura tí ọkùnrin yẹn fi wo Màlámù ti ṣẹlẹ̀ síbòmíràn. Nígbà tí ọmọ ogun Soviet wọ Afganísítánì ní ìparí ọdún 1979, ogunlọ́gọ̀ èèyàn sá kúrò ní orílẹ̀-èdè náà. Àwọn kan dé Amẹ́ríkà, wọ́n ṣí búkà níbi tí wọ́n ti ń sun kebab lórí èédú bíi ti Màlámù: ẹran àgùntàn lórí irin gígùn, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò, ìrẹsì, owó tí òṣìṣẹ́ lè san. Ní ìlú Fremont ní California, wọ́n pọ̀ débi pé àwọn èèyàn ń pe àdúgbò kan ní Kabul Kékeré. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001 dé, tí wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú kọlu Amẹ́ríkà. Kò sí ọmọ Afganísítánì kan ṣoṣo nínú àwọn ọkùnrin 19 tó já ọkọ̀ òfuurufú gbà lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ alásè tó ti sá fún ogun wá di ẹni tí wọ́n ń fura sí níwájú iná rẹ̀. Àwọn tó tún padà lọ jókòó sínú búkà wọ̀nyẹn láti jẹun ṣe ohun tó tọ́. Mo fẹ́ kí àwa náà ṣe é.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń dùn mí. “Abókì” ni àwọn ọmọ wa ń pe gbogbo ọmọ Òkè Ọya, bí ẹni ń bú èèyàn. Ọ̀rẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Haúsá.

Bí àwọn àgbà Màlété bá fẹ́ ààbò, kí wọ́n pe Sẹ̀ríkí àwọn Haúsá jókòó, kí wọ́n mọ ẹni tó ń gbé ilé wo àti ẹni tó mú un wá. Kí fijilanté fi Màlámù ṣe ojú wọn lóru, nítorí òun ló máa ń kẹ́yìn wọlé, òun ló sì ń rí àjèjì tó bá kọjá. Kí ìjọba ìbílẹ̀ fún àwọn tó ń sun súyà ní omi ẹ̀rọ àti iná lójú títì, kí wolé-wolé máa yẹ ẹran wò láti odò ẹran, kí àwọn tó ń sun ún náà sì yé fi ìwé ìròyìn àtijọ́ wé e, torí yíǹkì ìwé kì í ṣe ohun jíjẹ. Iṣẹ́ tó yẹ ká máa bá ìjọba jà lé lórí nìyẹn. Lílé èèyàn kò lè mú ajínigbé kan.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí ọkùnrin tó ní kí wọ́n lé wọn ti lọ, mo kí Màlámù ní Haúsá tí mo gbọ́ mọ níwọ̀n. Yorùbá Ìlọrin tó já gaara ló fi dá mi lóhùn.

“Ẹ má bínú sí i, Bàbá. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ọmọ Sóbì ní Ìlọrin ni ìyàwó mi, ibẹ̀ la bí ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí. Ẹ̀rù ń ba àwa náà.”

Ó fi igi kan ṣe ènì fún wa, ó bu àlùbọ́sà àti kábéèjì lé e. Lẹ́yìn náà ló mú agolo yájì, ó sì bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bóyá ó fẹ́ kí ata pọ̀.