Ayùn oníná kọ́ ni a fa iná yàrá fún

Láti Kétu dé Pọ́bẹ̀, láti Ṣábẹ̀ dé Àjàṣẹ́, ayùn oníná àti ẹ̀rọ tí ń dán pákó ti wọ ọ̀pọ̀ ìsọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà. Inú wa dùn sí i. Ohun tí ń kọ wá lóminú ni pé púpọ̀ nínú àwọn ìsọ̀ yìí wà níwájú ilé tàbí nínú àgbàlá, iná tí wọ́n sì ń lò ni iná yàrá, èyí tí a fà fún gílóòbù, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí àwọn ìyá ọlọ́jà ṣe ń ṣírò èrè. Iná ilé wa jẹ́ volt 220. Bí disjoncteur bá jẹ́ ampere 10, ẹrù tó lè gbé kò ju watt 2200 lọ. Ayùn tí wọ́n kọ 1400 sí lára, pẹ̀lú ẹ̀rọ afaeruku tó ń jẹ 1200, ti di 2600. A kò tíì ka fíríìjì ìyá onílé mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni mọ́tò máa ń fa iná ju ti àtẹ̀yìnwá lọ nígbà tó bá ń gbéra. Disjoncteur á gé iná.

Iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn kan á yọ ọ́, wọ́n á fi èyí tó tóbi jù ú lọ sí i, tàbí kí wọ́n fi wáyà bàbà so ibi tí fusible ti jó. Láti ìgbà náà, kò sí ohun tí yóò dá iná dúró mọ́. Okùn inú ògiri ni yóò máa gbóná, tí rọ́bà rẹ̀ yóò máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tó rí i, títí wáyà méjì yóò fi kanra. Ó lè jẹ́ òru, kí àwọn ọmọ ti sùn.

Ti àwọn tó ń gba iná lọ́wọ́ aládùúgbò ló burú jù, okùn orí igi láti ilé dé ilé, èyí tí wọ́n ń pè ní toile d'araignée. Bí okùn 1,5 bá gùn tó 100 mítà, tí ampere 10 sì ń gba inú rẹ̀ kọjá, bíi volt 23 ló ń ṣòfò lọ́nà. Mọ́tò tí iná rẹ̀ kò tó á máa kérora, á gbóná, á sì jó. Ọ̀gá á wá máa bú oníṣòwò Kútọnu pé ayédèrú ló tà fún òun!

A kò ní kí ẹnikẹ́ni pa ẹ̀rọ afaeruku tì o. Láti 1995 ni àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka eruku igi mọ́ ohun tó ń fa àrùn náà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ló ń fà á símú jù.

Ohun tó yẹ ni okùn tí ìsọ̀ yóò dá ní láti ìdí mítà: okùn 2,5, disjoncteur ampere 16 tirẹ̀, wáyà tó wọlẹ̀, àti différentiel 30 milliampere tó ń gé iná kí ó tó pa ènìyàn. Ìlà kan náà kò ní gbé ẹ̀rọ ńlá méjì àti fíríìjì pọ̀; ẹ jẹ́ kí afaeruku ní ìlà tirẹ̀. Bí ẹ bá ń lo rallonge tó wà lórí kẹ̀kẹ́, ẹ tú u tán pátápátá, nítorí èyí tó ká jọ máa ń gbóná. Ẹ yọ ẹ̀rọ kúrò nínú iná kí ẹ tó pààrọ̀ ojú ayùn.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti gbẹ́nàgbẹ́nà nìkan. Onílé tó ń gbowó ìsọ̀ lóṣooṣù gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n fa okùn náà. SBEE níhìn-ín àti CEET ní Tógò, ẹ jẹ́ kó rọrùn fún oníṣẹ́ ọwọ́ láti ní mítà tirẹ̀. Kí ẹgbẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ìlú kọ̀ọ̀kan náà pe électricien tó mọṣẹ́ wá yẹ gbogbo ìsọ̀ wò. Wọ́n lè yọ owó rẹ̀ nínú èyí tí wọ́n ń dá fún ayẹyẹ ìyọ̀ǹda ọmọ iṣẹ́.