Ọ̀dùnkún Díndín: Ilé Ló Yẹ Kí Ìpápánu Ọmọ Ti Wá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí òwe náà ṣe bá aṣọ àti ìwà mu, bẹ́ẹ̀ ni ó bá oúnjẹ tí ọmọ ń gbé lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mu. Lóde òní, ohun tí ó sábà máa ń wà nínú àpò ọmọ ni ìpápánu inú ọ̀rá tí ń dán yinrinyinrin: pòtétò tí wọ́n rẹ́ pẹlẹbẹ, tí wọ́n dín gbẹ, tí ó ń dún kàràkàrà lẹ́nu. Ọmọ fẹ́ràn rẹ̀, òbí ń rà á, ilé-iṣẹ́ ń jèrè. Ìdáná ilé nìkan ni kò rí nǹkan kan ṣe sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni ìdáná ni ìpápánu yìí ti ṣẹ̀ wá.

Kí ọdún 1830 tó dé ni William Kitchiner, ọkùnrin ará Lọ́ńdọ̀nù kan, ti ṣàlàyé nínú ìwé ìdáná rẹ̀ bí ènìyàn ṣe lè rẹ́ pòtétò, kí ó fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ, kí ó sì dín in nínú ọ̀rá ẹran. Iṣẹ́ ilé ni nígbà náà. Ilẹ̀ Yorùbá pàápàá kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí: ọwọ́ tí ó mọ ìpékeré dín, tí ó mọ dùńdún dín, ti mọ ìdajì rẹ̀. Ohun èlò rẹ̀ kò sì jìnnà. Pòtétò ń wá láti òkè Jos. Ọ̀dùnkún pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ Ọ̀fà ní ìpínlẹ̀ Kwara, ìlú tí a mọ̀ mọ ọ̀gbìn rẹ̀. Pòtétò ni ó rọrùn jù láti mú gbẹ. Ṣúgà inú ọ̀dùnkún máa ń mú kí ó tètè dúdú, nítorí náà iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ rọlẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti dán an wò lẹ́ẹ̀kan, ó rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, wọ́n sì padà sídìí èyí tí wọ́n ń tà. Omi ni ó fà á. Omi ni ó pọ̀ jù nínú pòtétò, iṣẹ́ òróró gbígbóná sì ni láti lé e jáde. Kí ẹni tí ó fẹ́ kí tirẹ̀ gbẹ rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ó sì dọ́gba. Kí ó rẹ ẹ́ sínú omi tútù fún ìṣẹ́jú 15 sí 30, kí ó ṣàn án, kí ó sì nù ún gbẹ dáadáa, nítorí omi tí ó bá kù lára rẹ̀ yóò mú kí òróró ta síni lára. Òróró kò gbọ́dọ̀ kọjá ìdajì ìkòkò. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ó máa dà á sí i. Bí ó bá da púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, òróró yóò tutù, pòtétò yóò sì mu ún. Nígbà tí híhó òróró bá rọlẹ̀, omi ti tán nìyẹn. Kí ó jẹ́ kí ó tutù pátápátá kí ó tó dé e pa.

Ìlera ni ó tún mú kí ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ilẹ̀ Sweden kéde pé èròjà kan tí ń jẹ́ acrylamide máa ń wà nínú pòtétò àti irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ tí a bá dín nínú ooru ńlá. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nípasẹ̀ ẹ̀ka rẹ̀ tí ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, ka èròjà náà mọ́ àwọn tí ó ṣeé ṣe kí ó fa àrùn náà. Bí pòtétò bá ṣe ń dúdú sí i ni ó ń pọ̀ sí i; rírẹ ẹ́ sínú omi ń dín in kù. Ẹni tí ó dúró ti ìkòkò rẹ̀ lè yọ tirẹ̀ nígbà tí ó ṣì pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Òun náà ni yóò pinnu iye iyọ̀ tí yóò wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ilé tí ó bá ń lo òróró kan náà títí tí ó fi dúdú bí ọ̀dà kò ní ẹ̀tọ́ láti fi ara rẹ̀ wé ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan yóò ní gáàsì wọ́n, òróró wọ́n, ìyá sì ti rẹ̀ kí ó tó délé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ní kí ohun díndín di oúnjẹ ojoojúmọ́, ì báà jẹ́ ti ilé. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó. Kò sì sí òfin tí ó ní ìyá nìkan ni yóò ṣe é; bàbá tí ó mọ adùn rẹ̀ yẹ kí ó mọ bí a ṣe ń di ọ̀bẹ rẹ̀ mú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: kí ọmọ máa fọ̀ ọ́, kí ó máa nù ún, kí àgbà dúró ti iná.

Ọmọ tí ó bá ti bá wọn ṣe é yóò mọ̀ pé inú ilẹ̀ ni pòtétò ti ń jáde, kì í ṣe inú ọ̀rá. Ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò sí lórí àtẹ fún títà.