Ìdánwò Ni Adájọ́ Ewé Tí Ń Lé Ẹ̀fọn

Ó ti pẹ́ tí àwọn ará ilẹ̀ Yorùbá ti ń fi òórùn efinrin àti èéfín èèpo ọsàn gbígbẹ lé ẹ̀fọn kúrò nínú ilé. Àwọn kan ń fi àṣà yìí ṣe ẹlẹ́yà. Àwọn mìíràn gbà pé ohun tí àgbà bá ti lò kò tún yẹ ní yíyẹ̀wò mọ́. Ìhà méjèèjì ni ó ṣìnà.

Gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ewé rí: púpọ̀ nínú wọn ni òórùn wọn le, ṣùgbọ́n ìdánwò nìkan ni ó lè fi èyí tí ó lágbára hàn. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2009, àwọn onímọ̀ a kó abo ẹ̀fọn 200 sí 250 sínú àpótí aláwọ̀n, nítorí abo nìkan ni ó ń mu ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ a kọ́kọ́ ti apá tí a kò fi nǹkan kan pa bọ inú rẹ̀, kí ó lè dájú pé ebi ń pa àwọn ẹ̀fọn náà. Lẹ́yìn èyí, a ti apá tí a fi òróró ewé pa bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 3. Bí ìṣẹ́jú 30 bá kọjá, a tún ṣe bẹ́ẹ̀, títí ẹ̀fọn yóò fi bà lé e. Iye wákàtí tí ó kọjá kí èyí tó ṣẹlẹ̀ ni òṣùwọ̀n agbára ewé náà.

Òṣùwọ̀n yìí kì í ṣe ohun kékeré. Òróró ewé a máa tètè bá afẹ́fẹ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ni Anopheles, ẹ̀fọn tí ń gbé ibà kiri, a máa jẹni jù láti ọ̀gànjọ́ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́. Bí agbára òróró bá tán ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, tí ìyá sì gbẹ́kẹ̀ lé e tí kò ta àwọ̀n, ọmọ rẹ̀ ni yóò jìyà rẹ̀.

Ìdánwò kò wá láti dójú ti ewé. Igi eucalyptus kan wà ní Ọsirélíà tí òórùn ewé rẹ̀ dà bí ti ọsàn wẹ́wẹ́. Òróró rẹ̀ lásán kì í pẹ́ lára; ṣùgbọ́n èyí tí a ṣe àtúnṣe rẹ̀, tí ń jẹ́ PMD, a máa ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ní 2005, àjọ tí ń mójú tó àrùn ní Amẹ́ríkà kà á kún àwọn tí ó yẹ kí ènìyàn lò.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe kẹ́gàn efinrin, kí ó má sì ṣe yìn ín láìtíì wọ̀n ọ́n. Kí ó kọ́ ìmọ̀ tí a fi ń dán an wò. Títí ìdáhùn yóò fi dé, abẹ́ àwọ̀n ni kí ó máa sùn.